Ọ́ìlì ni wọ́n ń jà lé lórí, àṣé kò sẹ́ni tó fa ọ̀pá gééjì yọ

Iná pupa kékeré kan, tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Ìdànrè, nípìńlẹ̀ Oǹdó, ló ń bọ̀ láti oko lọ́sàn-án ọjọ́ kan tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àpò kòkó mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn jíìpù rẹ̀, ọ̀nà náà sì rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé ilẹ̀ olókè ni, ẹni tí kò bá gòkè níbẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó ti fi ọkọ̀ sí jíà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ò sì yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ibi tó ti ń làágùn nídìí ọkọ̀ ló ti rí i tí iná ọ́ìlì tàn pẹ́ú. Ó kú. Ó tún tàn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí iná yẹn bá tàn, wọ́n á ní wáyà ló ń ṣe é, wọ́n á sì máa sáré lọ. Iná ọ́ìlì kì í ṣeré o. Ohun tó ń wí ni pé agbára tí páǹpù fi ń ti ọ́ìlì gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá ti rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé irin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Jíìpù tí ọ̀rọ̀ sì kàn yìí, ọkọ̀ fàájì kọ́. Owó kọpuréétífù tí ìyàwó ọkùnrin náà yá níléèwé tó ti ń ṣe tíṣà ni wọ́n fi rà á, oṣù mọ́kànlá ló kù kí wọ́n tó san án tán, inú owó oṣù ìyàwó ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kòkó kú nìyẹn, owó oṣù ìyàwó á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó ń wọlé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà ló pààrọ̀ ọ́ìlì. Tòkunbọ̀ ni jíìpù náà, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kó o wá. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dá àwọn mẹkáníìkì yẹn lóhùn. Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.” Wọ́n wò ó, 0W-20 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó ṣe ná owó gọbọi lórí gálọ́ọ̀nù kan àti ike lítà kan nìyẹn. Mẹkáníìkì rẹ̀ fọwọ́ kan ọ́ìlì náà, ó ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, omi lẹ rà yìí. Ọ́ìlì tó ki ni ọkọ̀ yín ń fẹ́. 20W-50 làwọn ọ̀gá wa ń lò kí wọ́n tó bí yín.” Ṣùgbọ́n ta ló máa gba mẹkáníìkì gbọ́ kó fi ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà sílẹ̀?

Nígbà tí iná wá tàn lórí òkè, tó rọra gbé ọkọ̀ dé ìgboro Ìdànrè, mẹkáníìkì tó wà nítòsí níbẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. “Ta ló ní kẹ́ ẹ da omi sínú ẹ́ńjìnnì?” Ojú ẹsẹ̀ ló tú u dànù, tó da 20W-50 sí i, gálọ́ọ̀nù kan àti lítà kan. Iná kú. Ọkùnrin náà dúpẹ́ títí, ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àfi bó ṣe ṣáná sọ́kọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ-kẹ-kẹ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó wálẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí iná mìíràn, èyí tó pọ́n bí ẹyin, tún fi tàn, ọkọ̀ ń lọ́ra, ó sì ń mu epo bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún tó tún wọ oko, lórí òkè kan náà, iná pupa àkọ́kọ́ tún yọjú. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Èyí tó ṣàn, iná tàn. Èyí tó ki, iná tàn.

Kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn nọ́ńbà ara gálọ́ọ̀nù yẹn ń sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rà á tí kò mọ̀ ọ́n.

Kíki àti ṣíṣàn ọ́ìlì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹ rántí bí epo pupa ṣe máa ń rí tí ọyẹ́ bá mú, tó máa ń dì sínú ìgò tó jẹ́ pé ṣíbí lèèyàn á fi wà á, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án báyìí, á ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ọkọ̀ ń ṣe: bó bá tutù, á ki, bó bá gbóná, á ṣàn. Àwọn ẹlẹ́rọ mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ SAE ló ti ń fi nọ́ńbà sí i láti ọdún 1911. Lẹ́tà W tó wà láàrin, òtútù ọyẹ́ ilẹ̀ òyìnbó ló dúró fún. Nọ́ńbà tó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe nínú òtútù. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe máa tètè ṣàn tó. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn bí omi tó ń hó. Bí tìkẹyìn yìí bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe ki tó nínú ooru.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣe níbí. Wọ́n á ní 5W-30 á ṣàn láàárọ̀, á wá ki lọ́sàn-án. Rárá o, kò sí ọ́ìlì tó ń ki sí i bó bá ń gbóná. Gbogbo wọn ló ń ṣàn sí i. Iyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti po kẹ́míkà kan mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kó ṣàn kọjá ààlà.

Nípa ti òtútù, ọ́ìlì 0W, inú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 35 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò, 5W ní 30 nísàlẹ̀ òdo, 20W pàápàá ní 15 nísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ wo ló mú ní ilẹ̀ Yorùbá débẹ̀? Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé láìsí 0W ọkọ̀ ò ní í ṣáná ní Àkúrẹ́, tàn yín ló ń tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn sọ pé nọ́ńbà iwájú ò wúlò. Ní ìwọ̀n 40, tí kò jìnnà sí ooru ọ̀sán tiwa, 20W-50 ṣì sábà máa ń ki ju 5W-30 lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀. Àárọ̀ kùtù tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yẹn, tí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá lóru, ni irin ń jẹ irin jù. Bí ọ́ìlì bá ki, ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè. Ibẹ̀ ni kẹ-kẹ-kẹ tí jíìpù ń dún ti wá.

Iná tó pọ́n bí ẹyin yẹn náà ní ìdí. Ẹ́ńjìnnì òde òní kì í fi ọ́ìlì pa irin lára mọ́ nìkan. Ó ń fi agbára ọ́ìlì yí àkókò tí fáàfù ń ṣí tó sì ń tì padà, ojú ihò tó sì ń gbà kọjá tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Ọ́ìlì tó bá ki jù, á pẹ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rí i pé ohun tóun ní kí wọ́n ṣe ò tíì ṣe, òun náà á tan iná. Mẹkáníìkì tó ń sọ nǹkan tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń lò, òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà kọ́ nìyí.

Àmọ́ kí ará Amẹ́ríkà náà má tíì yọ̀. Ìdí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń kọ 0W-20 sórí ìdérí kì í ṣe tìtorí ẹ́ńjìnnì nìkan. Lẹ́yìn tí epo wọ́n gógó lágbàáyé lọ́dún 1973, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 1975 pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò gbọ́dọ̀ máa dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù. Ọ́ìlì tó ṣàn máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúyẹ́ láti yí, epo tí ń jẹ á sì dín díẹ̀. Kò burú, wọ́n sì ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà bá a mu, lójú títì tó dán. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà lè kọ 0W-20 nìkan sínú ìwé ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó sì to oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ìwé èyí tó ń lọ sí ilẹ̀ tó gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Àwọn ìwé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé níṣàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti kọ 0W-20 gan-an ni wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá ń ru ẹrù wúwo tàbí tó ń sáré gan-an lè rí i pé èyí tó ki ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa fóun. Ta ló ń kàwé dé ìsàlẹ̀?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà pe ọkọ̀ tó lé ní 597,000 padà lórílẹ̀-èdè náà nìkan, àwọn jíìpù ńlá bíi Cadillac Escalade, Tahoe, Suburban àti Yukon, pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù Silverado àti Sierra, mọ́dẹ̀ẹ̀lì 2021 dé 2024, àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 6.2. Àṣìṣe wà lára irin kíráńkì àti ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì sì lè dákú lórí eré. Èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí kò dáa, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá yege ńkọ́? Wọ́n yọ 0W-20 kúrò nínú ẹ̀, wọ́n fi 0W-40 sí i, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n sì fún ọlọ́kọ̀ ní ìdérí tuntun tí wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun sí àti ìwé tí yóò fi sáàárín ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Iwájú ò yí padà, 0W ló ṣì jẹ́. Ẹ̀yìn ló kúrò ní 20 tó di 40. Ìyẹn ò sọ pé 0W-20 burú fún gbogbo ọkọ̀ o, irin tiwọn ló ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé nígbà tí ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú ewu, àwọn tó ṣe é pàápàá mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ.

Inú igbó sì ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ti ń wà nínú ewu jù. Lójú títì, atẹ́gùn ń wọlé gba iwájú, rédíétọ̀ ń tutù. Nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí yìì, ọkọ̀ ò lọ, atẹ́gùn ò sí, amọ̀ tún ti dí ojú rédíétọ̀. Ọ́ìlì á gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn SAE yìí kan náà ní ìdánwò mìíràn tí wọ́n ń ṣe ní ìwọ̀n 150, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ọ́ìlì mọ́ àárín irin méjì bó ṣe ń rí nínú ẹ́ńjìnnì gan-an. Ó kéré tán, ọ́ìlì 20 gbọ́dọ̀ ní 2.6, ọ́ìlì 30 gbọ́dọ̀ ní 2.9, ọ́ìlì 40 gbọ́dọ̀ ní 3.5 tàbí 3.7. Nọ́ńbà wọ̀nyí jọ nǹkan kékeré lójú, ṣùgbọ́n ohun tín-ín-rín tó ń là irin méjì níjà nìyẹn.

Ṣé ẹ wá rí i pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn tó gba ọlọ́kòkó nímọ̀ràn? Ẹni kọ̀ọ̀kan di apá kan òótọ́ mú, ó ń fi í lu ẹnì kejì.

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́ ló tú u palẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà fún un, bàbá náà kàn nawọ́ gba àkísà ni. Ó ní, “Ẹ ti fa ọ̀pá gééjì yọ?”

Ọkùnrin náà ní, “Bàbá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì yìí ni.”

“Mi ò bi yín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ti fà á yọ?”

Wọ́n fà á yọ. Ọ́ìlì ò tilẹ̀ kan àmì ìsàlẹ̀. Bàbá béèrè pé lítà mélòó ni wọ́n dà sí i, ọkùnrin náà ní gálọ́ọ̀nù kan àti lítà kan. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà, lítà mẹ́rin ni. Mẹ́rin àti ọ̀kan, márùn-ún. Wọ́n ṣí ìwé ọkọ̀, lítà mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbà. Láti ọjọ́ tó ti ra jíìpù, kò tíì fìgbà kan kún rí, torí “gálọ́ọ̀nù kan àti ike kan” ni ẹnu gbogbo mẹkáníìkì mọ́. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà sì ti ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá èyí tó ṣàn. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, èyí tó wà nínú ẹ̀ ń tó o. Bó bá ti gbẹ́nu sókè lórí òkè Ìdànrè pẹ̀lú ẹrù, gbogbo ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, ẹnu páǹpù á ṣófo, atẹ́gùn ló sì ń fà. Ìdí nìyẹn tí iná fi kú ní ìgboro, tó tún tàn lórí òkè. Ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ 20 àti 50 ni wọ́n ń jà lé lórí!

Ọmọ iṣẹ́ tó gbe ọ́ìlì dídú ní Ìdànrè lọ́jọ́sí tilẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kẹ́ẹ̀gì tóun ń fi gbà á ò kún rárá. Wọ́n ní kó panu mọ́.

Bàbá ò fi mọ síbẹ̀. Ó la fílítà sí méjì, ó fi ọwọ́ nu bébà inú ẹ̀, irin wẹ́wẹ́ ń dán lórí ìka rẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Wọ́n tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì pààrọ̀ àwọn bẹ́ríńgì tó ti há. Owó tí ìyẹn jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí kọpuréétífù ń yọ lóṣù mẹ́ta, ó sì gbà kí ìyàwó lọ tọrọ owó àjọ rẹ̀ ṣáájú kí ó tó kàn án. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì sí i ni, odindi ẹ́ńjìnnì ni wọn ì bá rà.

Lórí èwo ni kí wọ́n wá dà, 5W-30 ni bàbá mú, nítorí pé ó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà lẹ́yìn 0W-20, ó sì ki díẹ̀ jù ú lọ nínú ooru láì dí ojú ihò kankan. Ó ní bí ìwé bá gba 40 láyè, tí wọ́n sì fẹ́ máa ru ẹrù lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò burú bí wọ́n bá lọ sí 5W-40, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ò bá dárúkọ, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí iná dà á sí i. Jíìpù àtijọ́ tí kò ní gbogbo fáàfù oníkọ̀ǹpútà wọ̀nyí, tó ti jẹ ọ̀pọ̀ máìlì, 15W-40 tàbí 20W-50 ṣì wà nínú ìwé tiwọn, wọ́n sì lè máa lò ó lọ.

Tẹni tó ń lo dísù tún yàtọ̀. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́bàá API lára gálọ́ọ̀nù. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti bẹntiróòlù ni, bíi SP tó jáde lọ́dún 2020. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, ti dísù ni, bíi CK-4 tó jáde ní ìparí ọdún 2016. Nọ́ńbà lè jẹ́ 15W-40 lára méjèèjì, kí wọ́n má jọra. Bí jíìpù dísù bá tún jẹ́ tuntun tó ní fílítà nínú páìpù èéfín, ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré ló ń fẹ́, òmíràn á dí i pa. Ẹni tó bá sì wọ odò tí omi kan ẹ́ńjìnnì, kó fa gééjì yọ kó tó sáré kankan. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, kó má ro ti nọ́ńbà mọ́, kó tú u dànù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló kù. Àwọn kan ń ṣẹ́ ọ́ìlì dídú, wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù tó dáa, wọ́n á lẹ ìdérí pa. Ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára, kò sẹ́ni tó mọ kíki rẹ̀. Bàbá Àkúrẹ́ yìí, bó bá ti da ọ́ìlì tán, ìṣó ló fi ń lu ìdí gálọ́ọ̀nù òfìfo kó tó jù ú nù. Ó ní òun ò fẹ́ rí i lọ́jà mọ́.

Ìyàwó ọlọ́kòkó ló kọ ọ́ sórí páálí kan, ó fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó so ó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: nọ́ńbà ọ́ìlì, iye lítà, déètì, iye kìlómítà. Gbogbo 5,000 kìlómítà ni wọ́n ń pààrọ̀ báyìí nítorí eruku àti ẹrù, ọkọ rẹ̀ ò sì ní í jẹ́ kí wọ́n di àpò kòkó kan sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ kó tó fa gééjì yọ. Àbúrò rẹ̀ ti tún pè láti Amẹ́ríkà, ó ní kí ló dé tí wọn ò dúpẹ́ ọ́ìlì. Wọ́n ní ìyàwó ló gba fóònù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tó sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó tó dáhùn.